Kíláàsì ìmúra ìgbéyàwó kan ní Lágéré: iṣẹ́ rẹ̀ dára, àsìkò rẹ̀ ni kò dára

Kíláàsì ìmúra ìgbéyàwó kò wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀. Láti Mayfair dé Sábó, ó ṣòro kí èèyàn rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí kò ní tirẹ̀, àwọn mọ́ṣáláṣí kan náà sì ti ń ṣe é. Èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lágbègbè Lágéré: Sátidé ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀sẹ̀ 12 gbáko. Tọkọtaya àgbà kan ló ń kọ́ni, Dádì àti Mọ́mì ni gbogbo kíláàsì ń pè wọ́n. A ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, torí àléébù tí a máa kà sí i lọ́rùn wà lára ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, títí dé Iléṣà.

Ohun tí èèyàn ń wá lọ síbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí àwọn méjì tó fẹ́ fẹ́ra mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ ara wọn ló kàn ń bíni nínú, èwo sì ni kò ṣeé bá gbé. Ìyẹn la fi wọn kíláàsì náà.

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Apá tó dára jù nìyí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni Mọ́mì ti ń béèrè ìwé jẹnotáìpù, àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ọmọ yín lè ní àrùn sickle cell (fòníkú-fọ̀ladìde), kì í sì í gba ẹyọ kan. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó ti ṣe é, ẹ ó jọ lọ, olúkúlùkù á sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì. Àwọn kan máa ń kùn pé ó ti le jù. Kò le jù.

Yàrá àyẹ̀wò tó ń fi kẹ́míkà wo bóyá ẹ̀jẹ̀ máa dà rú lè sọ pé S, èyí tó ń fa àrùn náà, wà níbẹ̀. Kò lè sọ bóyá AS ni tàbí SS, kò sì mọ C rárá. Irú èyí tó yẹ fún ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ni electrophoresis: wọ́n á fọ sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kán an sẹ́bàá bébà, wọ́n á wá jẹ́ kí iná gba inú omi kẹ́míkà kọjá lára bébà yẹn. A ló máa ń sáré jù, S á tẹ̀lé e, C á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ẹ̀jẹ̀ kan tó ti dá a lójú pé AS ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín lórí bébà kan náà kó lè fi wéra. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra yẹn, àbá ló ń dá. Ẹ bi í léèrè kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ìwé méjèèjì bá ta kora, HPLC, àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ń ṣe, ni kí ẹ lọ ṣe. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ń ka ìdá A, S àti C nínú ọgọ́rùn-ún jáde.

Ìgò tún ń da nǹkan rú. Ẹ má dìde lórí àga títí wọ́n á fi kọ orúkọ yín sára ìgò olómorí àlùkò yẹn lójú yín. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́ ní láti sọ ọ́, torí sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Bí kò bá dúró tó oṣù mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ń kà fún un. Kí olúkúlùkù fọwọ́ ara rẹ̀ gba èsì rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé èsì kò ṣòroó tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, gbogbo wa la mọ̀. Ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti Wesley Guild ní Iléṣà, tí wọ́n wà lábẹ́ àkóso kan náà, ni a máa ń ní kí èèyàn fi ṣe ọ̀kan nínú ibi méjèèjì, kí ìkejì wá jẹ́ ti aládàáni.

Dádì ń ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ní òun ó bí mẹ́ta péré kí ìkẹrin má bàa jẹ́ SS kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ti bí méjì tára wọn le tó wá rò pé òun ti fo ewu. AS àti AC náà ní tiwọn, torí ọmọ lè jẹ́ SC, tí òun náà jẹ́ àrùn sickle cell, C kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá. Ní tiwa, èyí wà lára ohun tó yẹ kó tú àjọṣe ká, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó, àfi bí àwọn méjèèjì bá ti jókòó ti dókítà tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí yóò jẹ ìyà rẹ̀ kò tíì wà láyé kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìwé kan náà yìí ló tún ń gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lásán jáde, tí àwọn èèyàn á sì sá bí ẹni rí ejò. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin jẹ́ Rhesus negative, ti ọkùnrin jẹ́ positive: wọ́n á ní "ẹ̀jẹ̀ wọn ò bára mu", ẹbí á ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Abẹ́rẹ́ anti-D ló ń yanjú rẹ̀. Wọ́n ń gún un nígbà tí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n á tún gún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ positive. Bí oyún bá bàjẹ́, kí obìnrin tètè béèrè rẹ̀. Ó parí. Hepatitis B náà, ẹ má kàn tú ká: àjẹsára wà fún ẹnì kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ti àkọ́kọ́ lónìí, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta ní oṣù kẹfà. Ẹni tó ní in á sì wà lọ́dọ̀ dókítà fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí kíláàsì ti kọ́kọ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé ni HIV. Bí ìdájọ́ ni wọ́n ṣe ń ka èsì rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí kòkòrò náà fi kéré débi tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnì kejì, àwọn dókítà sì ń ran irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti bímọ tí ara rẹ̀ le. Ohun tó yẹ kó da ìgbéyàwó rú níbẹ̀ ni pé kí ẹnì kan ti mọ̀ kó sì bò ó mọ́lẹ̀. Mọ́mì kò ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì yẹ kó yà wọ́n.

Ìwé ìbéèrè olójú ewé mẹ́rin

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n ń pín ìwé yìí. Lójú ewé kẹta, wọ́n kọ "Ohun tí ẹnì kejì mi ń ṣe tí n kò fẹ́", wọ́n wá to àpótí kéékèèké sísàlẹ̀ rẹ̀ kí èèyàn máa fàlà sí i. Ó ń hanrun. Kì í tètè gbé fóònù. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jù. Ó ti gbá mi létí rí. Ó ń pẹ́ kó tó múra. Bí a ṣe tò ó yìí náà ló wà níbẹ̀, ìgbátí láàárín bọ́ọ̀lù àti ìmúra, àpótí kan náà, máàkì kan náà. Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí èèyàn fi gbogbo èyí tó bá fàlà sí sínú àdúrà.

Àdúrà ò burú. Ìlà kan náà ló burú.

Bí ìwé yìí bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ mú bírò yín kí ẹ tún un tò. Ẹ má fi bó ṣe ń bí yín nínú tó wọ̀n ọ́n, torí ìhanrun lè bí èèyàn nínú ju irọ́ lọ ní òru ọjọ́ kan. Ẹ béèrè ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ oorun, àkókò tàbí ìgbádùn díẹ̀ ló ń gbà, ẹ fi í sápá kan. Bó bá jẹ́ ara, owó, iṣẹ́, ẹbí, tàbí ẹ̀tọ́ láti la ẹnu sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ló ń gbà, apá kejì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ fún ẹni náà lẹ́ẹ̀kan, kedere, láìfi òwe bò ó, kí ẹ wá fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ la ní kí ẹ wò o, ẹnu á ti bẹ̀bẹ̀ tán láti ọjọ́ kìíní. Ohun tó ń bíni nínú lásán máa ń dín kù tí a bá sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ tán. Èyí tó léwu máa ń yí àwọ̀: wọ́n á jáwọ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á padà dé pẹ̀lú ẹ̀bi lórí yín pé ẹ̀yin lẹ fà á.

Ká fi iyán ṣàpẹẹrẹ, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Iléṣà náà la wà. Ọkùnrin tó ní àfi iyán lálẹ́, tó ń yínmú sí ẹ̀bà, ìyọnu ni. Ẹ ra ẹ̀rọ ìgúnyán, ẹ jẹ́ kó bẹ iṣu, ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín. Ọkùnrin tí wọ́n gbé ẹ̀bà fún tó da abọ́ nù, tàbí tí kò bá ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ iyán ti kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni obìnrin tó ń pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kó pè é. Ṣùgbọ́n bí ìpinnu tí ẹ jọ ṣe lálẹ́ bá máa ń yí padà láàárọ̀ lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́, ìgbéyàwó náà ti di ẹlẹ́ni mẹ́ta.

Ní ti lílù, a ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó bá gbá èèyàn létí nígbà tí ẹ ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, tí ojú gbogbo ẹbí ṣì wà lára rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ jáwọ́? Nínú gbogbo irú lílù, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ fúnni lọ́rùn ló burú jù. Ó wà lára àmì tó lágbára jù pé ẹni náà lè pànìyàn lọ́jọ́ iwájú, bí kò tilẹ̀ fi àpá sílẹ̀. Gbígba fóònù yẹ̀ wò pẹ̀lú agbára, dídí èèyàn lọ́wọ́ láti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti "bó o bá fi mí sílẹ̀ màá para mi", inú ìdìpọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Dádì máa ń béèrè níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Ṣé ó ti nà ẹ́ rí?" Ọkùnrin náà á sì jókòó ti obìnrin. Ta ló máa dáhùn? Àléébù tó tóbi jù lára bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nìyí, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju pé kí Mọ́mì mú obìnrin wọ yàrá kan, kí Dádì mú ọkùnrin wọ òmíràn, fún ìṣẹ́jú 20.

Iye ọmọ, ìlú tí ẹ máa gbé, ẹ̀sìn tí wọ́n máa fi tọ́ ọmọ: ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe, ó sì tó, torí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni rere méjì lè tú ká lórí rẹ̀ láìsí ìjà.

Owó

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kẹjọ nìkan tó owó fọ́ọ̀mù. Olúkúlùkù á mú bébà, á jókòó lọ́tọ̀, á sì kọ iye tó ń wọlé fún un lóṣù, iye tó ń dá ní àjọ tàbí lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, iye tó ń fi ránṣẹ́ sílé, gbèsè tó jẹ àti ẹni tó jẹ ẹ́, ẹni tó ṣe onídùúró fún, àti iye tó ń fi ta tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pààrọ̀ bébà. Kò sí àlàyé kankan kí wọ́n tó kà á tán.

Ká ní bébà kan lọ báyìí: ₦120,000 ń wọlé, ₦25,000 ń lọ sọ́dọ̀ ìyá, ₦15,000 ń lọ sí àjọ, kò sí gbèsè, onídùúró fún ọ̀rẹ́ kan tó yá ₦500,000 lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ sára owó ìyá, ibẹ̀ ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán nìyẹn: ẹ lè dín in kù, ẹ lè jọ máa fi í ránṣẹ́. Ìlà onídùúró ló yẹ kó mú èèyàn dúró. Bí ọ̀rẹ́ yẹn bá sá, owó oṣù oṣù mẹ́rin àti díẹ̀ ti lọ, ẹgbẹ́ á sì máa yọ ọ́ lára owó oṣù kó tó délé. Ìyẹn náà kò tíì tú ìgbéyàwó ká, torí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí kò kọ ló ń tú u ká. A máa ń gba àwọn tó ń bọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n jọ wo ìwé àkáǹtì báǹkì oṣù mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n tó gba "kò sí gbèsè" gbọ́. Tẹ́tẹ́ kì í fara pa mọ́ níbẹ̀: ₦500, ₦1,000, ₦700, sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, lálẹ́, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Gbèsè orí fóònù náà kì í fara pa mọ́, owó ńlá wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò pẹ́ tí owó tó jù ú lọ jáde.

Bíbéèrè gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ fẹ́ máa ń jọ ìwọ̀sí lójú àwọn kan. Ní ilẹ̀ tí òṣómàáló ti ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó aṣọ rẹ̀ á fi jáde, ìtìjú yẹn yà wá lẹ́nu.

Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́

Wọn kì í ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò bá mú lẹ́tà ẹbí méjèèjì àti ọjọ́ ìgbéyàwó wá. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti kọjá. Wọ́n ti san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí bébà owó jáde, àwọn ọ̀rẹ́ ti san owó aṣọ ẹbí, télọ̀ ti gé e. Ta ló fẹ́ rí gbèsè lójú bébà lọ́jọ́ yẹn? Ohun tí ì bá tú àjọṣe ká ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn á wá di "á yí padà", á di "gbogbo ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀". Ìwà náà ò yí. Owó tó máa ṣòfò bí wọ́n bá kọ ara wọn ló pọ̀ sí i, òun ló sì ń sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìwà.

Bó bá sì kọjá ibẹ̀, ó tún ń wọ́n sí i. Ní rẹ́jísìrì, wọ́n á lẹ orúkọ yín síta fún 21 ọjọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. (Bí ẹnì kejì yín bá ti ṣe ìdána ẹlòmíì tí wọn ò sì tíì tú u ká, ẹ má débẹ̀ rárá, òfin kò gbà á.) Lẹ́yìn rẹ̀, Matrimonial Causes Act ti 1970 kò jẹ́ kí èèyàn gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ kóòtù gíga kí ọdún méjì tó pé láìgba àyè pàtàkì lọ́wọ́ kóòtù, àfi lórí ohun díẹ̀ bí àgbèrè. Ohun tí òfin yẹn ń kà sí wúlò láti kà: kí ẹnì kan kọ ilé sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, kí wọ́n ti pínyà ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì takò ó, tàbí ọdún mẹ́ta yálà ó takò ó tàbí kò takò ó, àgbèrè tó mú kí gbígbé papọ̀ di ohun tí kò ṣeé fara dà, ìwà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé kí ẹnì kejì fara dà. Kò sí ìhanrun níbẹ̀. Ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń bójú tó o.

Àwọn àgbà kì í dúró di ìgbà tí iṣu àti orógbó bá ti délé kí wọ́n tó ṣèwádìí. Alárinà á ti lọ, á ti bọ̀, wọ́n á ti béèrè àrùn, gbèsè àti olè nínú ìdílé, Ifá á ti fọhùn, kí ìtọrọ tó wáyé. A ò sọ pé tiwọn pé: alárinà lè parọ́ kí ọ̀rọ̀ lè yọrí, ìnilára kì í sì í wọ ìwádìí wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn béèrè.

Nítorí náà, mẹ́ta nínú márùn-ún la fún kíláàsì yìí. Àyẹ̀wò jẹnotáìpù àti bébà owó gba máàkì tiwọn pé pérépéré, ojú ewé kẹta, ìbéèrè ojú gbangba àti àsìkò ló fà á sẹ́yìn. Jẹnotáìpù, ẹ ṣe é kí ẹbí tó mọra. Bébà owó, ẹ ṣe é nílé yín kí ẹnikẹ́ni tó mú ankárá. Kò nílò olùkọ́.

Fọ́ọ̀mù wà lọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gba pásípọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá tíì mú ọjọ́, ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé dá yín padà: ẹ lọ bá Mọ́mì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì Sátidé, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní ẹ fẹ́ máa jókòó lẹ́yìn bí àlejò. Kì í lé èèyàn.